Mẹ́sẹ́èjì "a máa ti àkáǹtì yín pa": ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n wa jọ síbí

Àbẹ̀kẹ́_Olùkọ́
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká forí korí lórí ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, torí ibi tí wọ́n bá a dé báyìí ti kọjá ká kàn máa sọ fún èèyàn pé "ẹ ṣọ́ra". Wọ́n fi mẹ́sẹ́èjì kan ránṣẹ́ sí ìyá mi, mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì yín lórí fóònù tí a ò mọ̀. Tí ẹ ò bá jẹ́rìí sí ara yín láàárín wákàtí méjì, a máa ti àkáǹtì yín pa. Ẹ tẹ línkì yìí."

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé abẹ́ orúkọ báńkì wọn gan-an ló wọlé sí, ojú kan náà tí álẹ́ẹ̀tì owó wọn máa ń wọlé sí. Màmá ò tẹ̀ ẹ́, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, a dúpẹ́. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni mo gbé wá fún yín: tí èmi ò bá sí nítòsí ńkọ́, kí ni wọ́n máa wò tí wọ́n á fi mọ̀? Ẹni tó bá mọ nǹkan kan níbẹ̀ kó bá wa dá sí i, kó má wò ó pé ó kéré.

Ẹ̀rọ_Ayára
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi orúkọ yẹn torí ibẹ̀ ló ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ tó ń hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, fóònù yín ò wádìí rẹ̀. Tí fóònù bá ti rí orúkọ kan náà, á tò wọ́n pọ̀ sójú kan, kò mọ èwo ni báńkì èwo ni olè. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Singapore fi sọ ọ́ di dandan ní 2023 pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa fi orúkọ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ náà sílẹ̀, èyí tí wọn ò bá fi sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jìbìtì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ímeèlì náà ò yàtọ̀. Orúkọ tó hàn yẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà kí àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jáde, ẹ kà á dópin, àti àdírẹ́sì náà pàápàá, wọ́n lè yí i tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ò bá tíì ṣètò ààbò rẹ̀. Torí náà mà, kí màmá má fi orúkọ tàbí ojú ibi tó wọlé sí ṣe ẹ̀rí rárá.

Bàbá_Ìbejì
Àbúrò mi ti là á yé wa. Èmi kì í wo bí mẹ́sẹ́èjì ṣe rí tó bẹ́ẹ̀, ohun tó fẹ́ kí n ṣe ni mo máa ń wò. Ẹ wo èyí tí Àbẹ̀kẹ́ gbé wá: ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n pé ẹnì kan ń wọ àkáǹtì wọn, ó fún wọn ní wákàtí méjì péré, ó wá fi ọ̀nà kan ṣoṣo hàn wọ́n, línkì tiẹ̀. Nígbà míì wọ́n á fi ayọ̀ rọ́pò ẹ̀rù, ẹ jẹ ẹ̀bùn, wọ́n gbà yín síṣẹ́ tẹ́ ẹ ò kọ̀wé béèrè, ẹrù yín ti dé àmọ́ ó ku owó díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún yín. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ọ̀wọ̀ tẹ́ ẹ ní fún èèyàn ni wọ́n á lò, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ á kọ̀wé pé òun wà nínú ìpàdé, ẹ má pe òun, ẹ bá òun ra káàdì ẹ̀bùn kíá kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ibi kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ ráyè ronú, wọn ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé sọ fáwọn èèyàn pé àṣìṣe gírámà ni kí wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé ti wà lọ́wọ́ àwọn olè náà, wọ́n á kọ ọ́ kó dán mọ́rán ní èdè tó bá wù wọ́n, ẹni tó ń wá àṣìṣe á wá a títí kò ní rí i, á ní òótọ́ ni nígbà náà, á tẹ̀ ẹ́.

Ṣọ́raṢe
Ẹ jẹ́ n mú apá ti línkì. Mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní èyí níbi iṣẹ́ wa, ó sì máa ń yé wọn tí a bá mú un díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo èyí:

https://google.com.jeri-akanti.example/wole

Ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, wọ́n rí google.com, ọkàn wọn ti balẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹ fo https:// yẹn, ẹ wá ilà / àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ohun tó ṣáájú ilà yẹn ni .example, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni jeri-akanti. Ẹni tó ni jeri-akanti.example ló ni gbogbo ibẹ̀. google.com tó wà níwájú yẹn, ńṣe ló kàn kọ ọ́ síbẹ̀, Google ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, èmi náà tí mo bá ní ìkànnì mo lè kọ orúkọ báńkì tó bá wù mí síwájú rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àdírẹ́sì kan wà tí ìparí wọn jẹ́ méjì, bíi .co.uk tàbí .com.au, ní tiwọn ẹ máa ka ọ̀rọ̀ kan sí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ni ín.

Tẹ́ ẹ bá rí àmì @ nínú línkì ṣáájú ilà / àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fura. Ohun tó bá wà níwájú @ yẹn, búráúsà ò kà á sí ibi tó ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́tà tó jọra tún wà, r àti n tí wọ́n bá fara mọ́ra á dà bíi m, lẹ́tà "a" àwọn ará Rọ́ṣíà ò sì yàtọ̀ sí tiwa lójú rárá. Ní 2017, ẹnì kan tó ń ṣèwádìí ààbò ra orúkọ ìkànnì tó jẹ́ lẹ́tà Cyrillic, irú lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà yẹn, látòkè délẹ̀, nígbà tó ṣí i nínú búráúsà Chrome àti Firefox ìgbà yẹn, apple.com ló hàn, kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Chrome ti tún tiẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ rí i pé ojú nìkan ò tó.

Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ línkì mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, á fi ibi tó ń lọ hàn yín kẹ́ ẹ tó ṣí i, lórí kọ̀ǹpútà ẹ gbé ọfà sórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ búráúsà. Àwọn línkì kúkúrú bíi bit.ly kì í fi ibi tí wọ́n ń lọ hàn, irú rẹ̀ ni wọ́n fi mú John Podesta, alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton, lóṣù kẹta 2016. Ímeèlì tó jọ ti Google ló wọlé fún un, pé ẹnì kan ti mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀, bọ́tìnì wà níbẹ̀ pé kó pààrọ̀ rẹ̀, bit.ly ló sì wà lábẹ́ bọ́tìnì náà. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù kíákíá, ó tiẹ̀ fi línkì Google gidi ránṣẹ́ sí wọn, síbẹ̀ èyí tó wà nínú ímeèlì olè ni wọ́n lọ tẹ̀.

Màmá_Tóyìn
Ẹ ṣeun ẹ̀yin ọmọ mi, ọgbọ́n yín ò ní tán. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, lẹ́tà ojú fóònù yìí kéré, ti pé kí n máa ka nǹkan padà sẹ́yìn yẹn, n ò rò pé mo lè máa ṣe é lójoojúmọ́. Kí ni ẹni bíi tèmi á dì mú?

Bàbá_Ìbejì
Mà, ẹ di ẹyọ kan mú: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá ṣí fún yín, ẹ má gbabẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ìṣòro wà nínú àkáǹtì yín? Ó dáa. Ẹ pa mẹ́sẹ́èjì yẹn dé, ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣí i, tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú mẹ́sẹ́èjì o. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá sì bá a, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ ò nílò láti mọ lẹ́tà Rọ́ṣíà, ẹ ò nílò láti ka àdírẹ́sì kankan.

Tí wọ́n bá pè yín lórí fóònù pé àwọn ni báńkì, ẹ ní "mo ti gbọ́, màá pe yín padà", ẹ gé e. Báńkì gidi ò ní bínú sí i. Ẹni tó bá ń bẹ̀ yín pé ẹ má gé e, tó ní tẹ́ ẹ bá gé e owó yín á lọ, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀rọ_Ayára
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí n fi méjì kún un kíá. Ẹ má wá nọ́ńbà báńkì lórí Google kẹ́ ẹ wá mú èyí tó kọ́kọ́ jáde lókè, àwọn olè máa ń sanwó ìpolówó kí tiwọn lè ṣáájú. Èkejì, ẹ má fi àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ ò ju pé kò sẹ́ni tó lè yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ìkànnì náà, kò sọ bóyá ẹni tó ni ìkànnì náà ń jalè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí yẹn báyìí, olè náà ń gbà á. Chrome tiẹ̀ yọ àgádágodo yẹn kúrò ní 2023 torí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń ṣì í túmọ̀.

Akọ̀wé_Owó
Ẹ kú làákàyè gbogbo yín. Níbi iṣẹ́ ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, torí èyí tó ń ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ jù, ó lè má ní línkì kankan nínú, ó lè má béèrè páswọ́ọ̀dù. Ìwé owó lásán ni, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó ọjà. Láàárín 2013 sí 2015, ọkùnrin ará Lithuania kan tó ń jẹ́ Evaldas Rimasauskas dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Latvia, ó fún un lórúkọ kan náà pẹ̀lú Quanta Computer, ilé-iṣẹ́ Taiwan tí Google àti Facebook máa ń bá ra ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi ìwé owó ránṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń san án, ó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ilé ẹjọ́ kan ní New York fún un lẹ́wọ̀n ọdún 5 ní 2019. Google àti Facebook nìyẹn o, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà jù láyé.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé kí ẹ rí ojú ẹni náà kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ti tó, ẹ gbọ́ ti Arup, ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2024 òṣìṣẹ́ wọn kan ní Hong Kong gba ímeèlì lórúkọ ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó, ó fura sí i, ó fura dáadáa. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá, ó rí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó fi owó tó tó 25 mílíọ̀nù dọ́là ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo ojú àti ohùn tó rí níbẹ̀, òun nìkan ni èèyàn gidi.

Òfin tí mo ń tẹ̀ lé níbi iṣẹ́ ni pé tí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì òun ti yí padà, ẹnikẹ́ni o, màá pè é lórí nọ́ńbà tí a ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan owó, ẹlòmíì á sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn mi. Àwọn kan máa ń bínú pé mò ń fi nǹkan falẹ̀. Kí wọ́n bínú.

Dáyọ̀_Tẹ́kì
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè mi rèé: mo ti tan ìgbésẹ̀ kejì lórí gbogbo àkáǹtì mi, èyí tó máa ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Ẹ̀rọ_Ayára
Má yọ ọ́ o, ó ń dènà olè tó jẹ́ pé páswọ́ọ̀dù nìkan ló ní lọ́wọ́. Àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wò ó báyìí: o ti dé orí ìkànnì ayédèrú, o tẹ páswọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ tí olè gbé síbẹ̀ ń tẹ ohun kan náà sórí ìkànnì gidi ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìkànnì gidi bá béèrè kóòdù, ayédèrú náà bá béèrè kóòdù lọ́wọ́ rẹ, o tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ síbi tòótọ́, ó ti wọlé. Kóòdù inú áàpù máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 30, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ nílò lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa rẹ̀ ni Troy Hunt, ará Ọsirélíà tó dá Have I Been Pwned sílẹ̀ ní 2013, ibi tí gbogbo ayé ti ń wò bóyá ímeèlì wọn wà nínú dátà tí wọ́n jí. Iṣẹ́ ààbò ló ń ṣe jẹun. Lóṣù kẹta 2025 ímeèlì wọlé fún un pé wọ́n ti dá àkáǹtì tó fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn òǹkàwé rẹ̀ dúró torí ẹnì kan fẹjọ́ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ torí ìrìn-àjò ọkọ̀ òfuurufú, ó tẹ línkì, ó tẹ páswọ́ọ̀dù, ó tẹ kóòdù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti kó orúkọ nǹkan bí 16,000 èèyàn lọ. Ó kọ gbogbo ẹ̀ síta fúnra rẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un gidi gan-an fún ìyẹn. Ohun tó sọ tó wà lọ́kàn mi jù ni pé áàpù tó ń bá a tọ́jú páswọ́ọ̀dù kò kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dákẹ́. Òun fọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni kó o fojú sí. Áàpù yẹn kì í wo àwọ̀ ìkànnì, kì í wo lógò, àdírẹ́sì ló ń wò lẹ́tà sí lẹ́tà, lẹ́tà "a" Rọ́ṣíà tó tan ojú èèyàn ò lè tàn án. Tó o bá dé ibi tó o mọ̀ pé ó yẹ kó ti bá ọ kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀, tó sì dákẹ́, gbọ́wọ́ kúrò, má wá a jáde kó o dà á kọ. Mo ka èyí sí àmì tó dájú ju gbogbo àmì tí ojú lè rí lọ.

Ṣọ́raṢe
Gbẹ́ẹ̀! Èyí tó tún wá lágbára ju ìyẹn lọ ni passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń fi ìka, ojú tàbí nọ́ńbà àṣírí ṣí dípò páswọ́ọ̀dù, tàbí kọ́kọ́rọ́ ààbò kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB. Àdírẹ́sì ìkànnì gidi ni wọ́n dè é mọ́, tó bá jẹ́ ibòmíì lo wà kò ní ṣiṣẹ́, tí ìwọ gan-an bá tiẹ̀ fẹ́ fún olè, kò sí kóòdù tó o fẹ́ kà fún un. Google sọ ní 2018 pé látìgbà tí àwọn ti fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó lé ní 85,000 ní kọ́kọ́rọ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, wọn ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n fi phishing, irú ẹ̀tàn mẹ́sẹ́èjì àti ìkànnì ayédèrú tí à ń sọ yìí, gba àkáǹtì iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, àwọn olè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́ Twilio àti Cloudflare, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì, lásìkò kan náà. Wọ́n wọ Twilio. Ní Cloudflare, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló tẹ páswọ́ọ̀dù wọn sórí ayédèrú náà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni gbogbo wọn fi ń wọlé, wọn ò sì rí i wọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Olùkọ́
Ẹ ṣeun o, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún màmá. Ti WhatsApp ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn èèyàn tí mo mọ̀, ọ̀rẹ́ wọn á kọ̀wé pé "jọ̀ọ́, mo fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ ní àṣìṣe, bá mi fi í ránṣẹ́ padà".

Ẹ̀rọ_Ayára
Kóòdù WhatsApp tiwọn gan-an nìyẹn mà. Olè ti gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, òun ló ń kọ̀wé. Ó ń forúkọ nọ́ńbà tiyín sílẹ̀ lórí fóònù tiẹ̀, WhatsApp wá fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni nọ́ńbà, tẹ́ ẹ bá ti fún un, ẹ ti jáde, òun ti wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ yín ló kàn. Ẹ wọ Settings, Account, ẹ tan Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà àṣírí tiyín, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá tiẹ̀ rí kóòdù náà kò ní tó. Ẹ tún máa wo Linked devices lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Àwọn kan máa ń ní kẹ́ ẹ fi fóònù ya àwòrán QR kẹ́ ẹ lè dìbò fún ọmọ àwọn nínú ìdíje, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ WhatsApp yín.

Dáyọ̀_Tẹ́kì
Tẹ́nì kan bá wá ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, tó ti tẹ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀?

Ṣọ́raṢe
Kó má jókòó kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, báńkì ni kó kọ́kọ́ pè, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí wọ́n dá káàdì àti àkáǹtì dúró. Lẹ́yìn náà kó lọ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí ẹ̀rọ tó fọkàn tán, ímeèlì ló máa ṣáájú torí inú ímeèlì ni gbogbo àkáǹtì yòókù ti ń gba páswọ́ọ̀dù tuntun, ẹni tó bá ní ímeèlì rẹ ti ní gbogbo ẹ̀. Kó tẹ "jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ", torí pípààrọ̀ páswọ́ọ̀dù nìkan kì í fìgbà gbogbo lé ẹni tó ti wọlé síta. Tó bá jẹ́ páswọ́ọ̀dù kan náà ló ń lò níbòmíì, kó pààrọ̀ ìyẹn náà.

Èyí táwọn èèyàn kì í rántí: kó wọ inú sétínìsì ímeèlì, kó wo ibi tí wọ́n ń darí lẹ́tà sí àti ibi tí wọ́n ń sẹ́ lẹ́tà. Olè máa ń fi òfin kan síbẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́, pé kí gbogbo lẹ́tà tó bá wá látọ̀dọ̀ báńkì lọ sọ́dọ̀ òun kó sì pa rẹ́ lójú ẹni tó ni ín. Wọ́n á pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù títí, òfin yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Kó wo nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ìgbàpadà pé tiẹ̀ ṣì ni. Kó tún wo àwọn áàpù tó ti fún láyè, torí ní oṣù karùn-ún 2017 ímeèlì kan lọ káàkiri tó ní ẹnì kan fi ìwé kan ránṣẹ́ sí yín lórí Google Docs, ibi tí Google ti ń jẹ́ kéèyàn kọ̀wé, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé Google gidi ló máa ṣí, kò béèrè páswọ́ọ̀dù, ńṣe ló ní kẹ́ ẹ gba áàpù kan tó ń jẹ́ "Google Docs" láyè láti máa ka ímeèlì yín. Olè ló sọ áàpù náà lórúkọ bẹ́ẹ̀. Irú ìyẹn, páswọ́ọ̀dù tuntun ò kàn án, àfi kẹ́ ẹ yọ áàpù náà.

Bàbá_Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí nínú ẹbí yín, ẹ má bú u. Ẹ má sọ pé "báwo ni ìwọ ṣe lè gbà á gbọ́". Tẹ́ ẹ bá bú u, nígbà míì á pa á mọ́ra, ìpamọ́ra yẹn ni olè fẹ́. Láàárín ọjọ́ tó fi ń tijú ni wọ́n á kó ìyókù.

Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé àwọn kan ṣì ń bọ̀. Wọ́n á ní àwọn jẹ́ agbẹjọ́rò, àwọn jẹ́ ọlọ́pàá, àwọn lè bá a gba owó rẹ̀ padà tó bá san owó fọ́ọ̀mù díẹ̀. Olè kan náà ni, tàbí ẹni tí olè àkọ́kọ́ ta orúkọ rẹ̀ fún. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti jà lólè, n ò mọ ohun tí èèyàn ń pè é.

Akọ̀wé_Owó
Kẹ́ ẹ sì fi ẹjọ́ wọn sùn, ẹ má kàn pa mẹ́sẹ́èjì rẹ́. Ẹ lè darí ímeèlì náà sí reportphishing@apwg.org, ti ẹgbẹ́ kan tó ń gbógun ti irú jìbìtì yìí, Gmail náà ní "Report phishing" nínú àmì tóótó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Báńkì tí wọ́n lo orúkọ rẹ̀ náà máa ń fẹ́ rí i. Tí Google bá ti kọ àdírẹ́sì náà sínú àwọn tó léwu, ojú pupa ni búráúsà máa fi hàn ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn yín.

Màmá_Tóyìn
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ó yé mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe passkey yẹn torí mi ò ní máa há páswọ́ọ̀dù sórí mọ́. Àmọ́ tí fóònù mi bá sọ nù ńkọ́? Ṣé ẹni tó bá he é á wá fi wọlé, èmi á sì wà níta?

Ṣọ́raṢe
Rárá mà. Ẹni tó bá he é ò lè lò ó láìsí ìka yín, ojú yín tàbí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí fóònù, torí náà ẹ má lo 1234. Ní tiyín, tó bá jẹ́ Google tàbí Apple ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀, ó ní ẹ̀dà lọ́dọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ra fóònù tuntun tẹ́ ẹ wọ àkáǹtì yín, wọ́n á béèrè nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí fóònù àtijọ́, passkey á padà wá. Kẹ́ ẹ sì má bàa há síta, Google máa ń fúnni ní kóòdù ìgbàpadà mẹ́wàá, oníkálukú wọn jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá yín ṣe é kọ wọ́n sórí ìwé kó fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ń tọ́jú àwọn ìwé pàtàkì yín sí, kó má ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù kan náà, kó má sì fi í ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí WhatsApp.